Afárá Orí Ìtàgé

Kòtò kan wà láàrin àdúgbò kan àti ilé ìwòsàn. Ọdọọdún ni Alága ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣèlérí afárá, ọdọọdún náà ni kòtò ń jìn sí i, àfi bí ẹni pé ìlérí ọ̀hún ló ń gbẹ́ ẹ. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi dábùú rẹ̀. Orí igi yẹn ni ìyá Àǹtí Eléré ti yọ̀ ṣubú lọ́jọ́ tó ń lọ gba oògùn, tí egungun itan rẹ̀ fi kán. Láti ìgbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, ọkàn ọmọ rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́.

Eré orí ìtàgé ni ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń lo gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ti lọ jókòó sí ọ́fíìsì Alága títí àga ibẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó sú u, ó kọ eré. Nínú eré náà, alága oníkùn ńlá kan wá ṣí afárá tuntun, ibi tó ti ń yin ara rẹ̀ lórí afárá ni afárá ti já, tó gbé e sọ sínú ẹrẹ̀.

Káfíńtà ẹgbẹ́ ló ṣe afárá náà, ká sòótọ́, ọmọkùnrin yẹn mọṣẹ́. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi jọ kọnkéré. Irin kékeré kan ló di àárín rẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé àárín, irin á yọ, pákó á sì là sí méjì. Wọ́n máa ń to ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀, torí òṣèré tó ń ṣubú náà níyàwó nílé.

Ìyá wá wò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń dán eré náà wò. "Ó dáa," ló wí. "Bí mo bá ń lọ gba oògùn lọ́la, ibo ni kí n gbà?"

"Màámi, eré máa ń yí ọkàn èèyàn padà."

"Ṣé orí ọkàn ni n ó gbà kọjá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àǹtí Eléré wọra.

Lọ́sàn-án Sátidé tí eré bẹ̀rẹ̀, Alága fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó síwájú. Àǹtí Eléré ń yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Lónìí, ojú á ti ọkùnrin yìí. Ojú wo? Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí alága orí ìtàgé ṣubú, òun ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́. Ó gun orí ìtàgé lọ.

"Irú alága burúkú báyìí, kí Ọlọ́run má fi ṣe tiwa!"

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Káfíńtà ti ti irin bọ àárín afárá padà, Alága wá fọwọ́ pa á lára. "Irú afárá gidi báyìí, inú ilé lẹ gbé e sí? Ní Mọ́ńdè, mo máa ṣí i lójú kòtò yẹn."

Àǹtí Eléré bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ẹni tó bá ń fi àwàdà jẹun kì í tètè mọ̀ bí ẹlòmíì ò bá ṣàwàdà.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Káfíńtà sáré dé. "Àǹtí, wọ́n ti gbé e lọ! Mi ò tíì kan ìṣó kankan mọ́ ọn o!"

Àwọn méjèèjì sáré débẹ̀. Wọ́n ti ta tẹ́ńtì, kámẹ́rà ti dúró, afárá pákó ti nà gbalaja lórí kòtò. Ta ló wà létí rẹ̀? Ìyá ni, nínú aṣọ tó dára jù lọ, Alága di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn èèyàn Alága ló lọ mú un nílé. Ìyá arúgbó tí kòtò kán lẹ́sẹ̀, òun àti Alága ni wọ́n jọ máa kọ́kọ́ kọjá, kí fọ́tò lè dùn.

"Ẹ dúró!" Àǹtí Eléré kígbe. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, pákó ni! Ńṣe la ṣe é kó lè já!"

Alága kọjú sí kámẹ́rà. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Àǹtí Eléré kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Áà, obìnrin yìí mọ eré ṣe o," ni ẹnì kan wí. Káfíńtà búra, wọ́n ní òun náà ti di òṣèré. Gbogbo àtẹ́wọ́ tí Àǹtí Eléré ti ń wá láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló rí i gbà.

Ìyá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti ń wo eré ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Lórí ìtàgé, ẹkún ọmọ yìí máa ń rẹwà ni: omijé á rọra ṣàn, imú á gbẹ. Lónìí, ikun ti dé ètè. Ìyá rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Alága.

"Alága wa, ẹ̀yin lolórí. Ẹ máa ṣíwájú, n ó máa tẹ̀lé yín bọ̀."

Àpọ́nlé yẹn dùn mọ́ ọn. Ó gbáyà síwájú, ó rìn dé àárín, ó kọjú sí kámẹ́rà. "Lábẹ́ ìṣàkóso mi..."

Irin yọ. Kò sí ìrọ̀rí nísàlẹ̀, àfi ẹrẹ̀.

Àwọn èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Wọ́n ní ó ṣe é ju ti inú gbọ̀ngàn lọ. Ó pariwo títí kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. "Aṣíwájú tó jìn sí kòtò," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́, kò sì parí òwe.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dé. Wọ́n kọ́ afárá kọnkéré gidi, wọ́n sì kọ orúkọ Alága sí i gàdàgbà. Ó sọ lórí rẹ́díò pé eré ló yí ọkàn òun padà. Kò dárúkọ ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ kọjá, ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Ìyá fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó tún fi ẹsẹ̀ tó le janlẹ̀. Kò mì. Àǹtí Eléré fa imú, inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

Ìyá ń wo ilé ìwòsàn lọ́ọ̀ọ́kán. "Ṣé o mọ̀ pé kò sí ibùsùn níbẹ̀? Ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí."

"Mo gbọ́, màámi."

"Kọ eré nípa rẹ̀. Kí Káfíńtà kan ibùsùn kan." Ó tún rìn díẹ̀. "Kó má kàn án le jù o."