Ọwọ́ Tí Ọmọ Kọ̀ Láti Dì Mú

Ẹ̀rọ tó ń gé awọ ní ilé iṣẹ́ bàtà ló mú ọwọ́ òsì obìnrin kan lọ, láti ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé kò tíì gbà pé òun lọ. Bí obìnrin náà bá jókòó jẹ́ẹ́, ìka tí kò sí mọ́ á máa yún un.

Wọ́n fún un ní ọwọ́ rọ́bà. Ó jọ ọwọ́ gidi, kí n má parọ́: èékánná rẹ̀ pé, iṣan rẹ̀ hàn. Àmọ́ ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀ àwọn tó ni ìlú tí wọ́n ṣí wá yìí, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà àti gbogbo ènìyàn rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ó ní kò burú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń gbé ẹrù, òsì ló máa ń di ọmọ mú, ìyẹn nìkan ló sì ń fẹ́. Ó na ọwọ́ náà sí ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Màmá Kékeré, kí wọ́n jọ sọdá títì. Ọmọ wò ó, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Màámi, ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kì í ṣe tiyín. Ẹ lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Láti ọjọ́ náà, aṣọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ń dì mú. Ó dun obìnrin náà ju bí ẹ̀rọ ṣe gé e lọ.

Ló bá padà sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ọwọ́. Ọwọ́ kún ara ògiri, gbogbo wọn na ìka sí i bí ẹni ń kí i káàbọ̀, àwọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá kan tí ọ̀dà ti ta sí irùngbọ̀n rẹ̀, gbójú sókè nígbà tí obìnrin náà ní àwọ̀ ọwọ́ yìí kọ́ ni tòun.

"Ìyá, àwọ̀ ara náà ni mo fi kùn ún."

"Ara ta ni, bàbá?"

"Ara ènìyàn." Bàbá náà kò níkà nínú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi í rí. "Ẹ̀yin ò kúkú pọ̀. Àwọn tó pọ̀ là ń po ọ̀dà fún."

Inú bí i gidi. "A ò pọ̀? Ẹ wá wo ìdí ẹ̀rọ tó gé ọwọ́ mi, bàbá. Àwa la kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Yàrá òkè tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí, ibẹ̀ la ò ti pọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa na ọwọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ, kò sẹ́ni tó ní a kéré."

Bàbá fa àga fún un. "Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín lé tábìlì."

Oòrùn ọ̀sán rọra wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ọwọ́ náà. Bàbá po pupa, ó po dúdú, kò jọ ọ́. Ó kán búlúù sí i.

"Èmi, búlúù?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Ó wà lára yín. Ẹ wò ó."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé ìka. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ. Ó rí ìyá rẹ̀ nínú abọ́ ọ̀dà, ó rí ìyá ìyá rẹ̀, wọ́n ń kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n ń wò ó bóyá ó ti ń jọ àwọn. Bàbá fẹ́ kun àtẹ́lẹwọ́ rọ́bà náà dúdú. Obìnrin náà yí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ sókè láìlajú.

"Inú rẹ̀ ò dúdú tó yẹn, bàbá."

Bàbá tún òmíràn po. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti ara ògiri. Kò jọ ọ̀kan kankan nínú wọn.

"Háà," ó ní, "ta wá ni mo ti ń kùn látọjọ́ yìí?"

Nígbà tí ilé ìwé jáde, obìnrin náà kò na ọwọ́ tí wọ́n tún kùn náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó kàn jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Màmá Kékeré dúró. Ó na ìka kan, ó fi kan ọwọ́ náà, ó yí i padà, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

"Tiyín rèé," ó ní. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. "Ṣùgbọ́n ó tutù."

"Bá mi dì í mú, á gbóná."

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó sì ń fẹ́ èémí sí i bí wọ́n ṣe ń sọdá.