Ẹyẹ Tí Ó Fún Tíṣà Lórin

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: kò sí ẹni tó fẹ́ràn orin Tíṣà Ọládòṣù tó Tíṣà Ọládòṣù. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ti di ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Akanran, ọdọọdún ló sì ń kọ orin ìkórè tuntun, tí ìjọ ń fi sùúrù gbà.

Tọdún yìí yàtọ̀. Tọdún yìí, ẹyẹ ló fún un.

Ní ìdájí, ohùn kan á gbéra lẹ́yìn ilé, níbi igi ọsàn. Á gòkè díẹ̀, á yí po, á wá rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé tí kò kánjú. Tíṣà á nawọ́ gán bírò. Ó ti rí ìlà mẹ́ta gbà. Ìkẹrin, tí yóò kásẹ̀ orin nílẹ̀, ni kò rí, nítorí bó bá ti ṣí fèrèsé pé kí òun wo ẹlẹ́bùn náà báyìí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹyẹ wo nìyẹn ná?" Ìyá Sharon, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"O ò lè mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ẹyẹ tí wọ́n ń fi etí lásán gbọ́. Ìṣẹ̀dá ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Hẹn. Ẹ ṣáà yéé ṣí fèrèsé lù ú."

Nígbà tí Ìyá Sharon lọ wo ọmọ wọn ní Ọlọ́runṣògo, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyẹ ò fi fọhùn. Tíṣà ní kò sí olórin gidi tí kì í sinmi.

Ọjọ́ ìkórè ń sún mọ́lé, Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń bọ̀, orin ò sì tíì nídìí.

"Tíṣà, ẹ kúkú fi Àmín parí ẹ̀," Tìmílẹ́hìn, aláwàdà ẹgbẹ́ akọrin, ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìdánrawò orin.

"Àmín kẹ̀? Kí n wá fọwọ́ ara mi parí ohun tí ìṣẹ̀dá bẹ̀rẹ̀?"

Praise, ọmọbìnrin tó ń kọ ohùn òkè, fẹ́ tètè mọ orin náà, ó bá ń fi súfèé gbé e. Tíṣà fọwọ́ lu tábìlì.

"Praise! Obìnrin kì í súfèé! Ìyá Sharon nìyẹn, ẹ bi í. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbé e wọlé ni mo ti kìlọ̀ fún un, mi ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí."

Ìyá Sharon, tó jókòó sí ìlà kejì láàárín àwọn obìnrin, wúkọ́.

Nígbà tó di Sátidé, tí ìkórè ku ọ̀la, Tíṣà dìde kí àkùkọ tó kọ. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn kó lè gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀, ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fèrèsé, ó tún fi aṣọ borí. Ìgbà tó jẹun tán ló já fóònù lórí igi, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì gbọ́ ọ. Ó fẹ́ kí àwọn akọrin tó ń dúró dè é rí ojú òun nígbà tí òun bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ẹ dìde dúró," ó ní. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún olórin."

Atẹ́gùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà àkùkọ. Ohùn náà wá gbéra. Ìlà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Nígbà tí ìkẹrin dé, ó rọrùn, ó sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Tìmílẹ́hìn gbàgbé láti ṣe yẹ̀yẹ́. Omi lé ròrò sí Tíṣà lójú.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe parí ẹ̀! Àbí ọpọlọ ènìyàn wo ló lè ro èyí?"

Ẹkún ò jẹ́ kó rántí pa fóònù. Nínú rẹ̀, àgbàdo ń fọ́n ká sílẹ̀, adìyẹ ń sáré bọ̀. Ẹyẹ náà wá mí kanlẹ̀, ó ní:

"Bàbá Sharon o! Ẹ dìde, ògì yín ti ń tutù."