Bàtà Tí Mò Ń Fẹ̀ Fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bí èèyàn bá bi mí pé kí ló dé tí mi ò ka ìwé mẹ́fà parí, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn, n kì í fi bò. Kókó kéékèèké sú sí mi lápá àti lọ́rùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ń dán, kò dùn mí. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní Ọ̀pọ̀lọ́, mo sì lè fara da ìyẹn. Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, tá a jọ wà ní kíláàsì kan, dìde láàárín wọn tó ní ẹ̀tẹ̀ ni, pé ìyá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ò sọ ohun tó jọ ọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí mọ́. Tíṣà pàápàá ń na ìwé mi sí mi láti òkèèrè. Mo dẹ́kun lílọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, kókó náà ti rọ dànù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń rán awọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe bàtà.

Ìbínú yẹn ò tán nínú mi. Mò ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ torí ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò pè é ní ẹ̀gbọ́n lójú rẹ̀ mọ́. Bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù bàtà tèmi, mo máa ń ṣe bí ẹni tó kó ìṣó sẹ́nu. Ìgbà míì, ìṣó máa ń wà lẹ́nu mi lóòótọ́.

Bàtà ló ń gbé e wá. Oníbàárà tí mo bá ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa ń gbẹ́ igi tó rí bí ẹsẹ̀ náà pamọ́. Orí igi yẹn ni mo máa ń fa awọ lé. Bí ẹsẹ̀ bá ní kókó, màá lẹ awọ pẹlẹbẹ mọ́ igi níbẹ̀, kí bàtà lè fẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mi ò sì ní kó bọ́ ọ. Mo lẹ awọ mọ́ igi. Nígbà tó yá ó padà wá, ó ní bàtà tún ti ń ha. Mo lẹ òmíràn lé e. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, mi ò bi í léèrè, kò sì sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, ó tún gbé bàtà wá. Mo mú igi ẹsẹ̀ rẹ̀ látorí pẹpẹ. Awọ tí mo ti ń lẹ̀ mọ́ ọn ti nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Igi kì í wú, ẹsẹ̀ ló ń wú. Mo ti ọwọ́ bọ inú bàtà, ibi tí kókó ń fara kàn ti le gbagidi, ó sì ti pọ́n.

"Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn."

"O ti di dókítà ni? Bàtà ni mo gbé wá."

"Ẹ̀jẹ̀ wà nínú bàtà tí ẹ gbé wá."

"Kókó lásán ni. Èyí tó wà lẹ́yìn ọrùn mi ńkọ́? Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó lọ́kọ. Ṣé ó pa mí?"

"Gbogbo ayé ti rí ti ọrùn. Ta ló ti rí ti ẹsẹ̀?"

"Kí wọ́n rí i, kí wọ́n wá máa sọ pé kí ni?"

Ó bọ́ ọ ṣá. Kókó náà dúdú kirikiri, etí rẹ̀ rí jágajàga, orí rẹ̀ sì ń ṣomi.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sìbítù."

"Ìwọ tó o ti ń fẹ́ kí n kú tipẹ́?"

"Bẹ́ ẹ bá kú, ta ni màá máa bínú sí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

Dókítà tá a bá lọ́sìbítù kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni. Ọrùn ló kọ́kọ́ fọwọ́ bà. "Ó rọ̀, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka. Ọ̀rá ló kó jọ. Ọ̀pọ̀ kókó ara ló rí báyìí, mà. Bí kò bá dùn yín, tí kò sì yí padà, ẹ fi sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó jàre. Lẹ́yìn náà ni dókítà fa iná sún mọ́ ẹsẹ̀, ó tẹjú mọ́ kókó náà.

"Láti ìgbà wo ló ti ń tóbi?"

Èmi ni mo sọ fún un bí mo ṣe ń lẹ awọ mọ́ igi.

"Èyí yàtọ̀ sí ti ọrùn. Kókó tó bá ń tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di egbò tí kò jinná, ẹ má dúró wò ó. Tó bá wá dúdú, tó sì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, kíá lẹ máa wá. A máa gé lára rẹ̀ lónìí fún àyẹ̀wò. Mi ò lè sọ fún yín pé kò sí nǹkan." Ó wọ ìbọ̀wọ́. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá, mà?"

Ẹ̀gbọ́n mi di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ẹ̀rù ohun táwọn èèyàn máa sọ ló bà mí. Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Àbúrò mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, kókó sú sí i lára nígbà tá a wà lọ́mọdé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí wọ́n lè rí i pé mi ò bá a ṣe, mo bá sọ fún gbogbo kíláàsì pé ẹ̀tẹ̀ ni, mo tún fi sí ìyá wa lẹ́nu. Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń pa á. Èmi ni mi ò jẹ́ kó kàwé."