Ìrọ̀lẹ́ Tí Jórinjórin Wọ Ilé Ìwòràwọ̀

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí ẹni tó ni ín tó wọlé. Awòràwọ̀ ń yí ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí òrùlé ilé ìwòràwọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí i tó ń kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó, tó, tó, lórí símẹ́ńtì. Nígbà tó gbójú sókè, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló dúró níbẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àgbọ̀n mú bí ẹni pé yóò já bọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí láti kékeré, bó bá ti rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ni í ràn. Lọ́jọ́ yìí, eyín méjì ti kúrò nínú ẹ̀rín ọ̀hún.

"Ṣé òun náà ni?"

Òun náà ni. Jórinjórin, ọkọ rẹ̀, tó ń fi iná so irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀, tó sì ń tú ènìyàn ká bó bá délé.

Awòràwọ̀ fi aṣọ mímọ́ dí ojú ọgbẹ́ náà. Ó fẹ́ pe ọlọ́pàá, ó fẹ́ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ sì ti yọjú ní ìwọ̀-oòrùn.

Ìràwọ̀ yìí kì í gbé ojú kan. Ó ń wú, ó ń súnkì, bí àyà ẹni tó ń mí. Bó bá wú tán, ara rẹ̀ á tutù díẹ̀, á pọ́n, á ṣe bàìbàì. Bó bá súnkì, á gbóná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fà sí àwọ̀ aró, á sì tàn yòò. Iṣẹ́ Awòràwọ̀ ni láti máa yà á ní fọ́tò láti ẹ̀yìn gíláàsì aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ewé àti pupa, kó máa fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ìràwọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ tí kì í yí padà, kó lè mọ bó ṣe gbóná tó. Ibi tó ṣòroó mú jù ni ìgbà tó bá ń gbéra láti inú bàìbàì bọ́ sínú títàn, nítorí kì í pẹ́ rárá. Ńṣe ló dà bí iná tó ràn mọ́ epo. Kùrukùru ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù náà láìmọye ìgbà. Bí ti ìrọ̀lẹ́ yìí bá tún bọ́, ìràwọ̀ náà á wọ ẹ̀yìn oòrùn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Wákàtí kan péré," ló wí. "Ilẹ̀kùn yìí lágbára. Jẹ́ kí n rí ibi tó máa tàn dé, ká máa lọ."

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ìràwọ̀ lẹ fẹ́ wò?"

Awòràwọ̀ ti ilẹ̀kùn pa, ó tan kámẹ́rà tó wà lára awò-ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Aró, ewé, pupa. Aró, ewé, pupa. Nínú gíláàsì aró ni ìmọ́lẹ̀ náà ti kọ́kọ́ fò sókè. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì ń tì í lójú, síbẹ̀ kò gbójú kúrò.

Fóònù Ẹlẹ́rìn-ín dún. Ìyá wọn ni.

"Ọkọ ẹ ń wá ẹ o. Mo ti ní kó wá ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ó ń sunkún, ó lóun fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ mi, ahọ́n àti eyín máa ń jà."

"Màmá, eyín ọ̀hún ti kúrò ńbẹ̀."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ohùn rẹ̀ sì gé. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn, tí ẹnìkan rọra kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó mi ni mo wá bẹ̀."

"Máa lọ. Ká sọ ọ́ lọ́la."

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ n bínú o."

"Mo ní kó o máa lọ!"

Jórinjórin bú ramúramù: "Ṣílẹ̀kùn, ìwọ obìnrin yìí!"

Ó ti yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Awòràwọ̀ tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di iná tó jó dé orí òrùlé, ó sì pe ọlọ́pàá. Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn tà mọ ibi tí ilẹ̀kùn ń kú sí: kò na àárín rẹ̀, ibi tí irin ti so ó mọ́ ògiri ló ń nà. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi wó gbì.

Jórinjórin kò tilẹ̀ wo Awòràwọ̀. Irun Ẹlẹ́rìn-ín ló gbá mú, ó wọ́ ọ nílẹ̀ bí àpò símẹ́ńtì. Awòràwọ̀ fa ọwọ́ irin òrùlé yọ, ó fi gbá a lórúnkún; egungun dún kẹ̀ẹ́. Jórinjórin yípadà, ó fọ́ ọ létí. Etí òsì Awòràwọ̀ kọ́kọ́ hó, ó wá dákẹ́. Ọkùnrin náà gbé e, ó sọ ọ́ lu awò-ńlá náà, awò yí kúrò lójú ìràwọ̀. Ó tún gbé òòlù sókè.

"Nídìí nǹkan yìí lẹ ti ń gbẹ́yìn mi sọ̀rọ̀, àbí?"

Ó là á mọ́ dígí ìdí awò náà, dígí fọ́ yángá. Ó tún gbé òòlù, orí Awòràwọ̀ ló kàn.

Ẹlẹ́rìn-ín ti dìde. Lára awò náà ni irin bìrìkìtì kan wà, èyí tí wọ́n fi ń mú kí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Ó ti tú u, ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì jù ú lé apá ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Apá náà kán sí méjì. Òòlù bọ́. Jórinjórin wó lulẹ̀, ó ń ké bí ẹran. Ẹlẹ́rìn-ín tún gbé irin náà sókè sí orí rẹ̀.

"Ó tó!" Awòràwọ̀ dì mọ́ ọn. "Ó tó, má pa á. Ìwọ ni wọ́n máa tì mọ́lé."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín tó rọ̀. Wáyà kámẹ́rà ni wọ́n fi de Jórinjórin títí tí ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n bá ẹ̀ṣọ́ nídìí géètì, orí rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣì wà.

Ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ó yẹ kí n ti gbé ẹ wá síbí lákọ̀ọ́kọ́," ni Awòràwọ̀ wí.

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Ẹlẹ́rìn-ín dá a lóhùn, kò sì fi oyin sí i.

Ìyá wọn dé láàárọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àforíjì lẹ́nu. Àwọn ará ilé ọkọ ló rán an. Ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi wáyà rán, ó wo etí ọmọ kejì, ó jókòó sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún tí wọ́n ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ó ní, "Ẹ lọ bá adájọ́ sọ ọ́."

Adájọ́ fi Jórinjórin sẹ́wọ̀n. Ìlà tí Awòràwọ̀ fà láti fi bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ṣe ń tàn hàn gun òkè dé ìdajì, ó já. Ó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé awò fọ́. Ẹlẹ́rìn-ín kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé. Ó gba yàrá tirẹ̀, ó ra àgádágodo méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aṣọ rírán padà. Oṣù bíi mélòó kan kọjá kó tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹun.