Wáyà Ara Ògiri Akunlé

Òpó irin tó ń fa nẹ́tíwọ̀kì wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Baba Nẹ́tíwọ̀kì wà lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Akunlé, oníṣẹ́ ọ̀dà, ni ẹ̀gbọ́n, ó sì máa ń wo ògiri apá tirẹ̀ bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ara ògiri yẹn gan-an ni wáyà bàbà nípọnnípọn gbà láti orí òpó wọnú ilẹ̀, kí àrá tó bá bọ́ sórí òpó lè bá ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ, kó má yà bá àwọn ẹ̀rọ. Akunlé ní ó ń ba ọ̀dà òun jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọmọ ìyá méjì di ológbò àti eku.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ojú ọ̀run ṣú. Baba Nẹ́tíwọ̀kì ń yọ àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ lára iná, ó sì ń yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì wọn pẹ̀lú, torí ọ̀nà tí àrá ń gbà wọlé kì í ṣe ẹyọ kan. Kò tíì yọ ìdajì tó fi gbọ́ ká! níta. Ó yọjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ẹ̀mú gé wáyà bàbà náà nísàlẹ̀, ó wé apá òkè mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ń fà á ya kúrò lára ògiri. Àbúrò sáré bọ́ síta. Tí àrá bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò gbà dé ilẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jù ú sílẹ̀! Àrá máa pa yín!"

"Àrá wo? Mo ti fi tẹ́sítà wò ó, iná kankan ò sí nínú ẹ̀. Kúrò níwájú mi!"

Mànàmáná kọ yẹ̀rì. Àbúrò fò mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Bó ṣe ń tú wáyà náà ni ẹ̀gbọ́n tún ń wé e sí i. Àgídí ọkùnrin yìí, bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n á já. Àbúrò bù ú jẹ léjìká, ẹ̀gbọ́n kọ etí ikún.

"Wèrè ni ẹ! Wèrè!" Ẹni tí kò gbó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu rí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òòlù wà nídìí àkàsọ̀ tó fara ti ògiri. Ó gbé e, ó là á mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Egungun dún. Ó tún un là. Ọwọ́ tú, wáyà bọ́, àbúrò gbá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mú, ó sì wọ́ ọ gba inú ẹrẹ̀ lọ bó ṣe ń ké.

Ìyàwó akunlé yọ. "Ẹ gbà mí o! Ó ti pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀!" Àwọn aládùúgbò ya dé, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá bo àbúrò mọ́lẹ̀.

Ìgbà náà ni àrá sán lu òpó. Ògiri akunlé là láti òkè délẹ̀, ọ̀dà ń jó, àwọn ẹ̀rọ tí kò ráyè yọ ń bú gbàù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí akunlé dúró sí lẹ́ẹ̀kan ti jóná dúdú. Ọwọ́ àwọn tó ń lu àbúrò rọ.

Akunlé wo ibẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń mì dirodiro. Ó rọra dìde, ó fi ọwọ́ kejì gbá àbúrò rẹ̀ létí, gbòà!

"Ìyẹn ni ti wèrè tó o pè mí."

Ọwọ́ kan náà ló fi fà á mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún níṣojú gbogbo àdúgbò.

"Tó o bá rí wáyà míì," ó ní, "ara ògiri mi náà ni kó o gbé e gbà."