Àgádágodo Ojú Fóònù

Mọ̀dínátù, aránṣọ ní Fájuyì, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó lè máa wo Qanitah lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́ta ní Kánádà. Bó ṣe dùbúlẹ̀ báyìí ni àwòrán ọmọ náà yí sí ìbú.

“Màámi, ẹ gbé fóònù nàró ná. Ẹ fi ìka fa òkè ojú rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ tẹ àgádágodo tẹ́ ẹ rí níbẹ̀.”

Mọ̀dínátù yọwọ́ kúrò lójú fóònù. “Kí n tìlẹ̀kùn mọ́ ọ síta? N ò ṣe o!”

Qanitah bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà! Ẹ máa tì mí mọ́lé ni.”

Mọ́lé. Mọ̀dínátù tẹ̀ ẹ́, ó tún dùbúlẹ̀. Ojú ọmọ náà kò yí mọ́, àfi bíi pé wọ́n jọ gbórí lé ìrọ̀rí kan.

“Ṣé ẹ rí mi dáadáa?”

“Mo rí ọ. Èwo ni mo máa wá tẹ̀ kó o fi délé?”