Kámẹ́rà Tí Nouratou Rà

Ó ti rẹ Nouratou kí ó tó dé Bassila. Láti oṣù mẹ́ta ni mílíìkì àti ọṣẹ ti ń pòórá nínú bútíìkì rẹ̀ ní Manigri, ó sì ti ṣọ́ àwọn oníbàárà títí ojú fi ń ta á.

Chérif tó ń ta kámẹ́rà gbé méjì síwájú rẹ̀. "Ìyá, èyí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ni èkejì ń lò, inú rẹ̀ náà ló sì ń pa àwòrán mọ́ sí."

"Fún mi ní ti oòrùn. Iná tiwa kì í dúró. Ẹnu ọ̀nà ni màá kàn án sí."

"Ẹ kúkú kọjú ẹ̀ sí pẹpẹ ọjà."

Ìdí pẹpẹ yẹn ni ìyá ọkọ Nouratou máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń fura, àmọ́ kò fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Ẹnu ọ̀nà ni," ó ní.

Nígbà tí wọ́n kàn án tán ní Manigri, ìyá ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló ń wò?"

"Àwọn tó ń wọlé ni, Ìyá."

"Kí ó máa wo èmi náà, ọmọ mi. Mo ń bá mílíìkì nínú àpótí aṣọ mi, mi ò sì mọ bó ṣe débẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ mi ló ń kó o síbẹ̀."

Nouratou jókòó tì í. Ìbínú ti tán nínú rẹ̀, àárẹ̀ nìkan ló kù. "A ó jọ máa yẹ àpótí náà wò ní àràárọ̀," ó ní.

Obìnrin kan wọlé, ó béèrè ọṣẹ. Nouratou rọra dìde.